Ìyá Àgbà Kò Lè Sáré

Àwo kan wà níbi iṣẹ́ wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi síídì ni, ṣùgbọ́n síídì lásán, bí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí i, ó parí. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀, a lè kọ nǹkan sí i, ká pa á rẹ́, ká tún kọ òmíràn. A sì ti kọ ọ́, a ti pa á rẹ́, débi pé ká ní ó lẹ́nu ni, èébú ni ì bá máa fi kí wa láràárọ̀.

Iṣẹ́ wa ni láti ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sí irú àwo bẹ́ẹ̀, kó sì yára ju àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Yàrá wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fèrèsé kan ló ní, fèrèsé náà sì kọjú sí títì. Tábìlì gígùn gba àárín yàrá já, wáyà kún orí rẹ̀ bí irun tí wọn ò yà, fáànù kan sì wà lókè tó máa ń kùn kó tó yí, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Àbúrò ìyá mi ni ọ̀gá yàrá náà. Nílé, Àǹtí ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tèmi ti ìwé ẹ̀rí yunifásítì lábẹ́ abíyá, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tó o bá ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Ọ̀gá ni kó o máa pè mí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ mí lójú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́?"

"Ọ̀gá ló fọ̀ ẹ́ lójú."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbàgbé tí mo pè é ní Àǹtí, kò ní dáhùn. Á máa wo fèrèsé bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí nítòsí, Tún-un-wò là ń pè é, torí pé kò sí iṣẹ́ tó o lè gbé síwájú rẹ̀, bó ti wù kó dára tó, tí kò ní sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká tún un wò."

Ẹnì kẹta wa ni Bọ̀dá Oníná. Òun ló ń tọ́jú iná lésà inú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju iná náà lọ. Òun ló sọ mí ní Apàlọ́, torí pé mi ò lè rí ohun tó díjú kí n má gbìyànjú láti tú u. Àgádágodo tí kò ṣí, rédíò tó ń hó, eré ìṣirò tó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn, mo lè tìtorí wọn jẹ́ kí oúnjẹ tutù. Ìyá mi ní bí mo ṣe kọ́ ìrìn nìyẹn, ohun tó wà lábẹ́ àga ni mo fẹ́ lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí títí di òní ló ń yà mí lẹ́nu. Nínú àwo náà ni irin kan wà tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ fíìfíì. Iná lésà á sọ̀ kalẹ̀ sórí irin yìí, á yọ́ ojú ibì kan tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, irin náà á sì tún dì kó tó mọ ohun tó kọlù ú. Ibi tó bá dì kíákíá báyìí á ṣú. Bí iná bá tún padà wá, tó kàn rọra mú ibẹ̀ gbóná, ibẹ̀ á tún máa dán. Ṣíṣú àti dídán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀, gbogbo orin, gbogbo àwòrán. Gbogbo ìgbà yẹn sì ni àwo náà ń yí o! Ó dà bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà sára táyà ọkọ̀ tó ń sáré, tí kò sì ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọ.

Bí ẹ̀rọ wa bá kọ díẹ̀ tán, á dúró kí àwo yí padà wá, á sì ka ohun tó kọ. Bí ó bá bára mu, á tẹ̀ síwájú. Bí kò bá bára mu, á tún un kọ, á tún un kà. Bí ibẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀, á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àyè kan tí a ṣe lọ́jọ̀ sétí àwo, á sì padà wá síbi tó ti ń bọ̀. Kíkà yìí ló ń jẹ àkókò wa. Ojú mi sì wà lára rẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká yọ kíkà yẹn kúrò. Wéré ni iṣẹ́ á máa yá."

"Tó bá ṣìkọ ńkọ́?"

"Kì í sábà ṣìkọ."

"'Kì í sábà.'" Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó bá irun nínú ọbẹ̀. "Tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá ẹ, tí dókítà ní òun kì í sábà gé ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan, ṣé wàá jẹ́ kó fọwọ́ kàn án?"

Bọ̀dá Oníná ò gbójú sókè níbi tó ti ń nu gíláàsì. "Apàlọ́, rọra o. Ìyá tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ẹ̀gbọ́n wọn ni."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kíkà parí sí. Tàbí kí n ní, ibẹ̀ ni mo rò pé ó parí sí.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló fẹ́ ra ẹ̀rọ náà fún yàrá ẹ́síréè wọn. Bí wọ́n bá ya fọ́tò egungun ẹnì kan, àfi kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sínú àwo tán kí ẹlòmíràn tó wọlé. Èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ ń fà bí ìgbín, àwọn tó kán lápá àti àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ á wá tò sórí bẹ́ǹṣì lóde, wọ́n á máa dúró de irin. Mètírọ́nù tó ń ṣàkóso yàrá náà ti sọ ọ́ ní gbangba: bí tiwa bá yára ní ìlọ́po méjì tiwọn, wọ́n á rà á, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó dàbọ̀. Olùdarí iléeṣẹ́ wa náà sọ tirẹ̀. Bí ilé ìwòsàn kò bá rà á, òun á ti yàrá wa pa, a ó sì lọ bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe nísàlẹ̀.

Ọ̀gá kàn ń fi ìka nu eruku orí ẹ̀rọ náà, ibi tí kò ti sí eruku kankan.

Ìyá mi ló sọ èyí tí òun ò sọ. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ká aṣọ, kò tiẹ̀ wo ojú mi. "Àbúrò mi ti ń ṣe ẹ̀rọ yìí látìgbà tó o ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní kí n má sọ fún ẹ pé kì í sùn dáadáa mọ́. Mi ò sì sọ fún ẹ. Ìwọ tó ò ń túṣu désàlẹ̀ ìkòkò, tú èyí."

A gbìyànjú títí. A yí ètò tá a kọ sínú ẹ̀rọ náà padà, a tún un yí. Bọ̀dá Oníná mú iná le, ó mú un rọ̀. Pàbó ni. Gbogbo ìgbà tá a bá wọn bó ṣe ń yára sí, ibi tó wà láná náà ló wà.

Ìyá Àgbà la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Òfin ọ̀gá nìyẹn, òfin náà sì mọ́gbọ́n dání. Àwo kan kì í jọ èkejì tán. Bí ọ̀tọ̀ bá ni àwo tá a lò láná, tí ọ̀tọ̀ tún ni tòní, báwo la ó ṣe mọ èyí tó yí padà, ẹ̀rọ ni àbí àwo? Ó máa ń sọ pé, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń ga, ara ògiri kan náà lẹ ó máa nà án tì." Nítorí náà, Ìyá Àgbà láàárọ̀, Ìyá Àgbà lọ́sàn-án. Àwo tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá wọn, a ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Èmi wá ya àwòrán bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yára láti inú àwo dé etí rẹ̀. Ìlà inú àwòrán náà ní kòtò kan nítòsí ihò àárín àwo, níbi tí ẹ̀rọ ti ń rọra. Mo yí ètò padà, kòtò ò kúrò níbẹ̀. Mo kọ apá kan ètò náà látìbẹ̀rẹ̀, kòtò tún ń wò mí. Mo fi àwòrán náà sápò. Mò ń yọ ọ́ wò nídìí búrẹ́dì, mò ń yọ ọ́ wò lórí ìlà báńkì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo rà á tán, mo dúró lẹ́bàá títì, mo fẹ́ sọdá padà. Ọ̀nà náà ti ya di kòtò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ọkọ̀ tuntun kan ń bọ̀, ó ń sáré, ó débẹ̀, ó rọra. Jálòpì kan tó ń túká tẹ̀ lé e, òun náà rọra. Ọlọ́kadà dé, ó rọra, ó sì ṣépè fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń rọra lójú ibì kan náà. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé láti sọdá. Mo kàn ń wò wọ́n.

Ta ló máa wo gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí, kó ní ẹ́ńjìnnì wọn ni kò dáa?

Mo sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi eyín ya ọ̀rá, mo ti àwo tuntun bọnú ẹ̀rọ. Bọ̀dá Oníná ní, "Ó ti ya wèrè. Mo ti ń retí ẹ̀." Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò sí kòtò mọ́! Ó kọ ọ́ geerege láti inú dé etí, ó sì yára ju ohun tí ilé ìwòsàn béèrè lọ.

"Àǹtí!" mo ké. "Àǹtí, ẹ wá wò ó!"

Ó dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Ó wò ó. Ó yọ tuntun, ó fi Ìyá Àgbà sí i: ẹ̀rọ ń wọ́. Ó yọ Ìyá Àgbà, ó dá tuntun padà: ẹ̀rọ ń fò. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ni. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ̀gbẹ́ ihò àárín la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdánwò wa," ó ní. "Láti ọjọ́ tá a ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, irin ibẹ̀ ti gbó. A ti jó o títí tí kò fi gbóhùn wa mọ́. Ẹ̀rọ wa ti ń yára látọjọ́ yìí, ilẹ̀ tó dúró lé nídìí ògiri ló ń rì." Ó wo àwa méjèèjì. "Èmi ni mo ṣòfin yẹn. Ẹ má bá mi pín in o."

Mi ò tíì rí ọ̀gá kankan tó gba àṣìṣe tọwọ́tẹsẹ̀ báyẹn, bí ẹni tó gba àlejò.

Kò pẹ́ tí olùdarí gbọ́, ó sì gòkè wá, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ti parí! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ fi tuntun síbẹ̀. Ìyá arúgbó yẹn, ẹ sọ ọ́ nù."

Bọ̀dá Oníná ní àmín. Èmi náà ṣe àmín, mi ò parọ́. Ọ̀gá ní tirẹ̀ gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́, ó pe mètírọ́nù.

"Ẹ káàsán, mà. Àwọn àwo tẹ́ ẹ̀ ń lò níbẹ̀, ṣé tuntun ni wọ́n?"

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́. "Tuntun kẹ̀? Àwọn kan nínú wọn dàgbà ju nọ́ọ̀sì mi lọ. Tí aláìsàn bá ti yá, tá a bá ti kó fọ́tò ẹ̀ síbòmíràn, a ó pa á rẹ́, a ó tún un lò. Tí mo bá tọrọ tuntun lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ wa, àdúrà ni wọ́n ń fún mi."

"Ẹ ṣé, mà." Ọ̀gá gbé fóònù kalẹ̀. "Ẹ gbọ́ fúnra yín. Ìyá Àgbà ló kún ọ̀dọ̀ wọn."

Olùdarí ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá wò ó ni mò ń sọ. Tí wọ́n bá ti rà á, ọwọ́ wọn ló kù sí."

"Sà," ni ọ̀gá wí, "ẹni tó ń gbé orí òkè ló fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ wa. Ṣé orí pápá tó tẹ́jú ni ká ti gùn ún hàn án?"

"Tí wọn ò bá rà á, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti lọ wo ibẹ̀. Wọ́n ní fáànù tó dáa ju tiwa lọ."

Olùdarí sọ̀ kalẹ̀. A ká ọwọ́ aṣọ sókè, a gbájú mọ́ṣẹ́.

Ìbéèrè ti wá yí padà. Kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe máa yára mọ́, bí kò ṣe bó ṣe máa yára lórí àwo tó ti gbó. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà, mò ń wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bó bá dé ibi tó gbó náà. Á kọ, á kà, á kùnà, á tún un ṣe, á wá sáré lọ sétí àwo, á padà wá. Bí a bá sì tún fi àwo kan náà sí i, á lọ bẹ̀rẹ̀ ìjà náà látìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, ó yẹ kó sá," ni mo wí. "Ẹ̀rọ tiwa, ejò kan náà ló ń bù ú jẹ lójoojúmọ́."

"Kọ́ ọ lọ́gbọ́n nígbà náà," ni ọ̀gá wí.

Mo kọ́ ọ. Bí ibì kan bá ti yọ ọ́ lẹ́nu, á fi àmì rẹ̀ sí ibì kan tí a kì í pa rẹ́ lára àwo náà gan-an, tó fi jẹ́ pé bó bá tún pàdé àwo náà, á fo ibẹ̀ láì tiẹ̀ bá a jà. Èyí tó bá sì ní láti gbé lọ sétí àwo, kì í gbé e níkọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹni tó fẹ́ pọn omi kún àmù kì í mú ife lọ sódò. Bọ̀dá Oníná ní tirẹ̀ ṣe é kí iná máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwo díẹ̀, kó mọ ooru tí ara rẹ̀ lè gbà, bí ìgbà tí ìyá ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ wò.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀gá ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí pé mo ti fẹ́ yọ kíkà kúrò. Òun ò yọ ọ́. Ó kàn ṣí i nípò. Dípò kí ẹ̀rọ máa kọ díẹ̀, kó dúró de àwo, kó ka díẹ̀, ó ní kó kọ púpọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, kó di ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ mú nínú ọpọlọ rẹ̀, kó wá padà kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí lẹ́tà kan tí wọn ò kà. Dídúró nìkan ló lọ. Mo wo ètò tó kọ náà, kò gùn tó ojú ewé kan. Mo ka ìlà rẹ̀ lọ, mo kà á bọ̀, bí ẹni tó ń ka oríkì ara rẹ̀. Ìṣòro tí mo fẹ́ fi àáké gé, okùn rẹ̀ ló kàn tú.

"Kí lò ń wò báyẹn?" ó bi mí.

"Ó dáa ni, ọ̀gá."

"Tún un wò. Ó lè má dáa."

Ọjọ́ pé. Mètírọ́nù dé, obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Aago rẹ̀ wà láyà aṣọ bíi ti àwọn nọ́ọ̀sì. Láti fèrèsé, mo ti rí ọkọ̀ tó gbé e wá tó ń mì nínú kòtò bó ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Olùdarí ti wé táì mọ́rùn, ó ti gbé àwo tuntun sórí tábìlì. Ọ̀gá rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú Ìyá Àgbà.

"Ẹ dúró," ni mètírọ́nù wí. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ àwo kan tó wà nínú ọ̀rá. Ojú rẹ̀ ti họ, ó ti pàwọ̀ dà. "Èyí ló burú jù nílé wa. Bàbá Arúgbó là ń pè é."

"Yéè!" ni Bọ̀dá Oníná wí. "Ọkọ Ìyá Àgbà ti dé."

Mètírọ́nù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì na àwo náà sí ọ̀gá. Ọ̀gá gbà á.

"Mà, mi ò ní tàn yín. Ìgbà àkọ́kọ́, kò ní yára. Ẹ̀rọ yìí ò tíì mọ̀ ọ́n."

Kò yára lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà ń kọ fọ́tò egungun tí mètírọ́nù mú wá, ó ń dá dúró, ó ń kùn. Olùdarí ń nu ọrùn. Mètírọ́nù di aago àyà rẹ̀ mú, ó ń ka àkókò. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo ibà lórí ọmọ.

"Wọ́n ń kíra wọn ni," ó ní.

Ó parí. Ọ̀gá pa ohun tó kọ rẹ́, ó ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìró kan ṣoṣo ló ń jáde, ó ń dún lọ láìjá bí ẹni tó ń ya aṣọ tuntun. Mètírọ́nù ò tíì gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ dáadáa tó fi parí.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà. Ó sì ti kà á padà."

"Ẹ fi hàn mí."

Mo ṣí fọ́tò náà. Ọwọ́ ọmọdé kan ni, ọrùn ọwọ́ ló kán. Mètírọ́nù sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ àwọn egungun kéékèèké náà níkọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi tó kán, ó dúró. Ìlà kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó hàn kedere.

"Ìlà yìí ni mò ń wá," ó ní. "Tí ìlà yìí bá sọnù, ọmọ yìí á fi ọwọ́ wíwọ́ dàgbà." Ó fi aago àyà rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ. Mò ń gbé e lọ lónìí."

"Lónìí kẹ̀?" ni ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún un..."

Bọ̀dá Oníná bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Olùdarí, tá a rò pé kò mọ orúkọ Tún-un-wò, wó sórí àga, ó ń fi táì nu ojú. Ọ̀gá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá mọ̀ pé ó ti pẹ́ tá a ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ máa rín in," ó ní. "Ẹ ò kúkú ní lọ tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe mọ́."

Mètírọ́nù nawọ́ sí Ìyá Àgbà. "Ṣé mo lè mú èyí dání? Kí n lè fi han àwọn ènìyàn mi."

"Rárá o, mà. Wọn kì í ta ìyá."

Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e lé mètírọ́nù lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Nígbà tí mo yíjú padà, ọ̀gá ti wà lẹ́yìn mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sin ẹ̀rọ náà jáde bí ìyá tó ń sin ọmọ rẹ̀.

"A ti wà nísàlẹ̀ báyìí," ó ní, kò wo ojú mi. "Tó o bá fẹ́ pè mí, o lè pè mí."

"Àǹtí."

"Hẹn?"

Mo tọ́ka sí títì. Ọkọ̀ náà ti ṣí. A jọ ń wò ó bó ṣe ń súnmọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, níbi tí ọ̀nà ti ya di kòtò. Awakọ̀ náà ò rọra. Ó yà díẹ̀ sápá òsì, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń sáré lọ.

"Ó ti mọ ibẹ̀," ni Àǹtí wí.